Ẹ̀yìn Aṣọ Àǹtí Hedvig

Bí o bá gbé táwẹ̀lì tí o kó ọnà sí lé Àǹtí Hedvig lọ́wọ́, kò ní wo ojú rẹ̀ rárá. Ẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ yí sókè. Yóò sún awò ojú rẹ̀ wálẹ̀ sórí imú, yóò máa tú ẹ̀yìn aṣọ náà wò bí ẹni ń wá iná lórí ọmọ. Bí ó bá rí òwú tíńtín tó yọjú síbẹ̀, yóò dá aṣọ padà fún ọ, yóò ní, "Ẹ̀yìn yìí ń rojọ́." Mo ti rí ìyá ọlọ́mọ tó sunkún délé nítorí gbólóhùn yẹn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Àǹtí Hedvig. Òun ni olórí Ẹgbẹ́ Dọ́káàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì Luther tó wà ní Lindby, ìlú wa ní Minnesota, níbi tí yìnyín ti máa ń bo ilẹ̀ títí èèyàn á fi gbàgbé àwọ̀ koríko. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ làwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà máa ń jókòó yí tábìlì gígùn ká nínú yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á máa kó ọnà, wọ́n á máa mu kọfí, wọ́n á máa fi ẹnu tú ìdí ẹni tí kò bá wá. Iṣẹ́ Olúwa ni wọ́n pè é. Tó bá jẹ́ Olúwa ló rán wọn lóòótọ́, a jẹ́ pé Òun náà fẹ́ràn òfófó.

Iṣẹ́ Súwídìn lorúkọ ọnà tí wọ́n ń kó. Aṣọ tí wọ́n ń lò fún un ní àwọn òwú kan tó yọrí sókè lójú rẹ̀. Abẹ́ àwọn òwú yẹn nìkan ni abẹ́rẹ́ ń gbà kọjá, láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Kò gbọdọ̀ gún aṣọ dé ẹ̀yìn. Ojú aṣọ á wá kún fún òdòdó àti ìràwọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. A kì í ta kókó. A kì í so òwú mọ́ òwú láàárín ìlà. Kí o tó bẹ̀rẹ̀ ni o ti gbọ́dọ̀ wọn èyí tó máa gbé ọ délé. Etí ọ̀tún la ti ń bẹ̀rẹ̀ ìlà. Bí a bá dé etí òsì, a ó dá ìrù òwú padà sábẹ́ ibi tó ti gbà wá, á wọlé síbẹ̀, á sùn. Láti ọ̀tún lọ sí òsì: bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí Hedvig kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Dọ́káàsì ń ṣe é, àfi bí ẹni pé Mósè ló gbé e sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè.

Mi ò tíì ga tó tábìlì dáadáa nígbà tó fi abẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́. Ó ní inú ẹ̀jẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà, pé ìyá wọn ló gbé e wá láti Småland ní Súwídìn nínú àpótí nígbà tí wọ́n wọkọ̀ ojú omi wá sí Amẹ́ríkà, pé kì í ṣe ohun tí à ń kọ́ ará ìta. Nígbà tó sọ ìyẹn tán, ó mú ọwọ́ mi, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn.

"Ìdajì ọwọ́ rẹ dára, Ardis," ó ní. "Ìdajì kejì la ó máa gbàdúrà fún."

Ìyá mi ló ni ìdajì kejì yẹn. Bronia lorúkọ rẹ̀, ọmọ Pólàǹdì ni, inú ìdílé Àgùdà pọ́ńbélé ló ti wá. Nítorí ìfẹ́ Nels, bàbá mi, ó fi ìjọ Àgùdà sílẹ̀, ó bá a wá sí ti Luther. Bàbá rẹ̀ ní òun kò bí i mọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní ìlú kejì kì í dá a lóhùn bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ nílé ìtajà. Ó sá fún ẹkùn ilé bàbá rẹ̀, ó bọ́ sọ́wọ́ Àǹtí Hedvig. "Ará Pólàǹdì" ni Àǹtí ń pè é, lójú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kankan kò sọ ọ́ lórúkọ rí. Ó gbà kó máa se kọfí fún Dọ́káàsì, ó gbà kó máa fọ ife wọn. Kò gbà kó jókòó.

Bẹ́ẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí ìyá mi ń fẹ́ nílùú yẹn ni àga kan nídìí tábìlì yẹn. Kì í ṣe pé òdòdó orí táwẹ̀lì ń wù ú. Ó fẹ́ kí àwọn obìnrin máa bá òun sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa bú òun lójú òun dípò ẹ̀yìn òun. Fèrèsé kan wà láàárín ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì àti yàrá ìsàlẹ̀ náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń na ife kọfí síta. Ibẹ̀ ni ìyá mi máa ń dúró sí, á fi ìgúnpá lé e, á máa wò wọ́n. Àgbàdo inú ìgò, àwòmọ́jú adìyẹ.

Ó tún ní ẹ̀ṣẹ̀ kejì. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Àwọn sísítà ilé ìwé Àgùdà fi rúlà nà án títí ó sú wọn, ọwọ́ náà kò ronú pìwà dà. Òun ló fi ń kọ̀wé, òun ló fi ń gé búrẹ́dì, òun ló fi ń rọ kọfí. Àwa sì ni a sọ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ìyá mi ń fi tirẹ̀ rọ kọfí fún àwọn ìyá ìjọ. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Tekla, apá òsì Àǹtí Hedvig ló ti ń jókòó láti ìgbà tí Nóà ti ń kan ọkọ̀. Bí ìyá mi bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á fa ife rẹ̀ sẹ́yìn, á ní kọfí ọwọ́ òsì máa ń korò. Irọ́ ni. Kọfí Dọ́káàsì ti korò kí wọ́n tó bí ìyá mi.

Nílé, bí mo bá ti dé láti ọ̀dọ̀ Àǹtí, ìyá mi á bi mí pé kí ni mo kọ́ lónìí. Èmi á sọ fún un. Á ní kí n fi han òun. Kò sí ohun tó pamọ́ nínú rẹ̀ lójú mi nígbà yẹn. Mo rò pé gbogbo ìyá ló ń bi ọmọ bẹ́ẹ̀. Á jókòó kọjú sí mi nídìí tábìlì ìdáná, òun náà á mú abẹ́rẹ́. Bí èmi ṣe ń ti ọ̀tún lọ sí òsì, bẹ́ẹ̀ lòun níwájú mi ń ti òsì bọ̀ sí ọ̀tún, bí ẹni pé dígí ni mo kọjú sí. Ó bá ọwọ́ rẹ̀ mu wẹ́kú. Kò pẹ́ rárá tó fi mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Bó bá kó òdòdó kan tán, á wò ó, á yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà á tú gbogbo rẹ̀, á ká òwú náà padà sórí páálí, kí ẹnikẹ́ni má baà bá a nílé wa. Bàbá mi mọ̀. Kò sọ nǹkan kan, torí ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ó sì bẹ̀rù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ju Ọlọ́run lọ.

Ìgbà òtútù tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ìròyìn dé pé Gunvor ń bọ̀. Ọmọ àbúrò bàbá àgbà wa ni, ní Súwídìn gan-an ló ń gbé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò dé. Ẹnì kankan nínú àwọn tó kù sílé kò tíì wá wò wá rí. Orí Àǹtí Hedvig yí. Ó ní òun yóò kó ọnà sí búláńkẹ́ẹ̀tì ńlá kan, aláwọ̀ búlúù àti yẹ́lò bí àsíá wọn, tí Gunvor yóò gbé lọ sílé, kí wọ́n lè mọ̀ níbẹ̀ pé a kò sọ nǹkan ìyá wa nù. Ó ra òwú, ó tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Ó ti dé ìdajì nígbà tí ẹja gbé e ṣubú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lọ́dọọdún ni ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń se àsè ẹja lutfisk, ẹja gbígbẹ tí wọ́n fi omi eérú rẹ títí á fi máa gbọ̀n nínú àwo. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀. A ń jẹ ẹ́ kí a má baà gbàgbé ìyà tó lé àwọn bàbá wa kúrò nílé. Ẹnì kan da omi ẹja náà sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, omi náà dì, Àǹtí Hedvig gun orí rẹ̀ tòun ti ìgbéraga. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán. Pásítọ̀ Ekdahl ní ọ̀nà Olúwa ju ti ènìyàn lọ. Bàbá mi ní omi ẹja ni o, kì í ṣe Olúwa.

Báyìí ni búláńkẹ́ẹ̀tì ṣe bọ́ sí ọwọ́ mi. Àǹtí pè mí sídìí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan tó kù dì mí mú, ó ní orúkọ ìdílé ni òun gbé lé mi lọ́wọ́ yẹn, pé kí n má ṣe jẹ́ kí ìdajì kejì ọwọ́ mi débẹ̀.

Mo gbé e délé, mo kó ìlà kan. Ọkàn mi wà ní adágún, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń fi bàtà onírin sáré lórí omi dídì. Ìyá mi wá dúró lẹ́yìn mi, ó yí aṣọ náà, ó fa imú rẹ̀ gùn, ó wá fi ohùn Àǹtí Hedvig gan-an sọ pé, "Ẹ̀yìn yìí ń rojọ́." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀rín náà ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tó fi gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi, tó tú ìlà tí mo kó, tó ní kí n máa lọ síbi adágún.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Mo fi aṣọ sílẹ̀ fún un, ó bá mi kó o. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Mo mọ̀ pé bí Àǹtí bá gbọ́, ó lè lé ìyá mi kúrò nílé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, a jẹ́ pé fèrèsé yẹn náà lọ nìyẹn. Mo bi í pé bí Àǹtí bá mọ̀ ńkọ́.

"Kó mọ̀," ìyá mi ní, kò gbójú sókè. "Kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi? Kẹ́tù kọfí?"

Kíkó ló ń kó o, ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn. Mi ò rí i kó dunnú bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń rọra kọ orin Pólàǹdì, ó ń jẹ́ kí ọ̀dùnkún jóná lórí iná, bàbá mi sì ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìlà ìkẹyìn parí, kò tú èyí. Ó tẹ́ ẹ sórí àga, ó jókòó tì í bí ẹni jókòó ti àlejò.

Mo gbé e lọ fún Àǹtí Hedvig. Wọ́n ti já ohun funfun tí dókítà fi di ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ṣì le. Ó yí ẹ̀yìn aṣọ sókè, ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí òwú kan tó yọjú. Ó wá yí i sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò rẹ̀ tọ etí òsì lọ, níbi tí ìrù òwú ti ń padà wọlé. Apá tirẹ̀ lọ dáadáa. Nígbà tó dé ibi tí ìyá mi ti gba iṣẹ́, àtàǹpàkò náà dúró. Kò sí ìrù òwú kankan tó padà wọlé níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó lọ sí etí ọ̀tún, ó sì bá gbogbo wọn níbẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n sùn jẹ́jẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni mo rántí ibi tí ìyá mi ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìlà. Jésù tó wà lára ògiri ń wò mí, èmi náà ń wò ó, kò ràn mí lọ́wọ́.

"Ẹ̀yìn yìí dákẹ́," Àǹtí Hedvig ní. "Ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́."

Ó bi mí bóyá mo fẹ́ jẹ búrẹ́dì dídùn. Mo jẹ ẹ́. Mo rò pé a ti bọ́. Ó ṣẹ́ etí búláńkẹ́ẹ̀tì náà fúnra rẹ̀, tòun ti ọwọ́ líle, ó ká etí náà wọlé fífẹ̀ ju bó ṣe máa ń ṣe lọ, títí gbogbo ìrù òwú fi bọ́ sínú rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a mú un.

Nígbà tí mo ròyìn fún ìyá mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó bi mí pé, ṣé ẹ̀jẹ̀ ni Àǹtí sọ? Mo ní ẹ̀jẹ̀ ni. Ó dìde, ó lọ fọ àwo tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ padà lọ kígbe lé Àǹtí lórí. Mi ò lọ. Ta ló jẹ́ kígbe lé Hedvig lórí?

Gunvor dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣòkòtò ló wọ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó bọ pásítọ̀ lọ́wọ́, ó sì tọrọ ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi tan sìgá. Pásítọ̀ ní òun kò ní, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la mọ̀ pé ó ní in. Wọ́n mú Gunvor wọ yàrá ìsàlẹ̀, Dọ́káàsì ti jókòó pé, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n ń tọ́jú de ìsìnkú. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìyá mi wà níbi fèrèsé rẹ̀.

Àǹtí Hedvig dìde, ó sọ̀rọ̀ gùn. Ó sọ nípa ìyá wọn, nípa àpótí, nípa omi òkun, nípa ẹ̀jẹ̀ tí kì í purọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé búláńkẹ́ẹ̀tì lé Gunvor lórí ẹsẹ̀, ó dúró kí obìnrin náà sunkún.

Gunvor tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ là. Ó fi ọwọ́ pa àwọn ìràwọ̀ ara rẹ̀, ó ní, "Ó mà dára o. Kí lẹ ń pè é?"

Wọ́n rò pé àwàdà ni. Tekla ní, "Iṣẹ́ Súwídìn ni, àwé. Tiyín ni."

Gunvor mi orí. Kò fi ṣe ẹ̀gàn, ó kàn ń sọ ohun tó mọ̀ ni. Ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí láyé òun. Ó ní ìyá òun máa ń hun aṣọ lórí òfì, àwọn àǹtí òun máa ń hun ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn, ṣùgbọ́n eléyìí, rárá. Ó tún yí i wò. "Ṣé lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ tí ẹ bá níbí lẹ ti kọ́ ọ ni?"

Pásítọ̀ Ekdahl ń wo àjà bí ẹni pé wọ́n kọ ìwàásù sí i. Tekla nìkan ni ẹnu ń yún.

"Hedvig," ó ní, "ṣebí inú àpótí ìyá rẹ ló wà?"

"Àpótí ni Màmá gbé wá," Àǹtí Hedvig dáhùn.

"Kí ló wá wà nínú rẹ̀?"

"Ọ̀dùnkún."

Ó ṣì dúró, ọwọ́ líle rẹ̀ lórí tábìlì. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi sí ara mi pé àánú rẹ̀ ṣe mí. Bí ẹnì kan bá wà nínú yàrá yẹn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti rẹ́rìn-ín, ìyá mi ni, ẹni tí wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ Súwídìn ti ilẹ̀kùn mọ́ sínú ilé ìdáná láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Mo bojú wo fèrèsé. Kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ó ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kẹ́tù kọfí lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Gbogbo orí yí sí i.

"Tiwa ni," ó sọ fún Gunvor. "Ibí yìí la ti ń kó o. Tí wọn ò bá ní in ní Súwídìn, kí wọ́n wá kọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ náà balẹ̀ sórí tábìlì. Tekla ló kọ́kọ́ jí. "Tiwa kẹ̀? Ìwọ àti ta ni?"

Gbogbo Dọ́káàsì kọjú sí Àǹtí Hedvig, kí ó wá sọ tirẹ̀. Àǹtí bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó wo ìyá mi láti orí dé ẹsẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Tekla ló dojú ọ̀rọ̀ kọ.

"Dìde, kí o gba kẹ́tù yẹn lọ́wọ́ rẹ̀."

Tekla wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá Tekla mìíràn wà níbẹ̀. Kò sí. Ó dìde.

"Bronia," Àǹtí Hedvig ní. Èmi kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. "Máa bọ̀ níbí. Apá òsì mi ni kí o jókòó sí, kí ìgúnpá rẹ má baà máa kọlu tèmi. Láti ìgbà òtútù ni mo ti mọ ibi tí o ti ń bẹ̀rẹ̀ ìlà."

Ìyá mi wò mí. Èmi àti pásítọ̀ ń wo àjà. Ó gbé kẹ́tù lé Tekla lọ́wọ́, ó nu ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ épúrọ́ọ̀nù, ó jókòó.

Ọwọ́ ọ̀tún ni Tekla fi rọ kọfí fún wa lọ́jọ́ náà. Ó korò.